Fọ́nrán Òwú Lábẹ́ Kọ́là Ọ̀gá

Ẹ bá mi kí ọ̀gá wa. Ẹ kí i dáadáa o, torí bí kíkí bá kúrú, á ní kí ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tún un kí. Ayé-ń-yí-mo-ń-yí! Ọkọ ìpàdé, baba àlàyé, a-rí-dígí-má-lè-kọjá!

Dígí mẹ́rin ló wà nílé ìfọṣọ wa. Mẹ́ta wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìkẹrin kì í tilẹ̀ ṣe dígí, gíláàsì iwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló máa ń dúró sí tún táì ṣe, tí pátá ẹni ẹlẹ́ni á máa yí gbirigbiri níbi tí orí rẹ̀ wà.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, aṣọ ni mò ń lọ. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń di áyọ́nù mú. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ gbígbóná lẹ́nu mi, ẹ má bínú, ibi tí mo ti ń jẹun ló gbóná bẹ́ẹ̀.

Kí n tó sá ọ̀gá wa sóòrùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Bí ẹ bá kó aṣọ wá fún wa, kò ní í kan omi kí Màmá Olówùú tó rí i. Ọdún kejìlélógún rèé tí ìyá yìí ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, páálí òwú lẹ́sẹ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀, fọ́nrán òwú mélòó kan tí kò ju orí èékánná lọ, lábẹ́ kọ́là tàbí nínú ìgbànú ṣòkòtò. Pupa méjì, yẹ́lò kan: ìyàwó dókítà eyín. Búlúù mẹ́rin: tíṣà àgbà tó wà nígun títì. Àwọ̀ ewé mẹ́ta, pupa kan: Baba Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá yìí ò kọ ọ̀kankan sínú ìwé. Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà, kò sì sí aṣọ tó ṣìnà rí. Bí oníbàárà bá wá gba aṣọ rẹ̀, Màmá á já òwú náà kúrò.

Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ Màmá. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ku ọdún kan kó jáde. Abẹ́rẹ́ tó ń rán aṣọ wa yẹn, òun náà ló ń rán ọmọ lọ síléèwé.

Ayé wá yí biiri. Iná á dé, iná á lọ, bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá kóun jókòó. Omi ẹ̀rọ di ohun tí à ń ṣọ́ bí olè. Ọṣẹ gbówó lórí. Wọ́n tún wá ṣí ilé ìfọṣọ tuntun sódìkejì títì, onílẹ̀kùn gíláàsì, àwọn oníbàárà wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó kàn ń kọjá níbẹ̀.

Ìyá Oníléeṣẹ́, tó ni ilé ìfọṣọ wa àti èkejì tó wà lápá kejì ìlú, kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Ó ní, "Ìgbà ti yí. Ẹ wá ọ̀nà bí ẹ ó ṣe bá a yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó ti ọ̀kan pa nínú ilé méjèèjì. Ẹni tó bá rọ́nà, n ó fi ṣe olórí méjèèjì."

Ọ̀gá ka lẹ́tà náà sí wa létí. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ "olórí" sí, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbé báàgì, ó di hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀gá níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́la. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni o, mi ò bá ẹ̀kọ́ jà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kí aṣíwájú máa gbọ́ tẹnu àwọn tó wà nídìí iṣẹ́, kó máa dán nǹkan wò díẹ̀díẹ̀, kó sì jẹ́wọ́ bí kò bá mọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé inú àpò ṣòkòtò tó fi ránṣẹ́ fún lílọ ni mo ti bá ìwé ọ̀hún. Kò tíì ṣí i. Ọbẹ̀ ló ta sí i lẹ́yìn.

Ohun tí òun mú bọ̀ ni ìwé ẹ̀rí nínú férémù, pẹ̀lú àwòrán alágẹmọ kan tó fẹ̀ ju fèrèsé lọ. Ó gbé e kọ́ sí iwájú gbogbo wa.

"Ẹ wò ó dáadáa! Ẹranko tó gbọ́n jù láyé nìyí. Ibi tó bá dé, àwọ̀ ibẹ̀ ló ń gbé wọ̀. Báyìí ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ rí."

Kí ẹ rí, ló wí o. Kò ní kí a rí.

Dírẹ́bà wa, tó ń fi ọkọ̀ gbé aṣọ kiri ilé àwọn oníbàárà, tẹnu bọ̀ mí létí. "Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán o. Àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ikọ́ bò ó.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá pe ìpàdé. Ó sọ ọ́ ní Ìpàdé Ìgbọ́ràn.

"Lónìí," ó ní, "ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀, èmi á máa gbọ́. Aṣíwájú òde òní, etí ni."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Aago mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, omi tó yọ láàárọ̀ ti lọ, a ò tíì rẹ ìnujú kan.

Màmá Olówùú nawọ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, omi yìí ni. Aago mẹ́fà ló ń dé báyìí, kó tó di mẹ́wàá ó ti ká ẹsẹ̀ ńlẹ̀. Bí àwọn tó ń fọṣọ bá lè máa tètè dé, kí wọ́n sì tètè máa lọ, ó..."

"Màmá, mo gbọ́ yín."

"Mi ò tíì sọ ọ́ tán, ọ̀gá."

"Mo gbọ́ yín gan-an ni. Ẹ jókòó." Ó tún fi ìdajì wákàtí sọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n gbọ́.

Nígbà tó ṣe, ó gbé abọ́ kan jáde tó kún fún ìwé tó ká pọ̀. "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò níṣẹ́ kan pàtó mọ́. Ìwé tí ẹ bá mú ni iṣẹ́ yín. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, ẹ ó tún mú òmíràn. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo, ayé á fi í sílẹ̀!"

A bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìwé. Èmi tí mò ń lọ aṣọ, kántà ni mo bọ́ sí. Dírẹ́bà bọ́ sídìí áyọ́nù. Mègáàdì, tí kò fọ aṣọ ara rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó, bọ́ sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Màmá Olówùú, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, bọ́ sẹ́nu géètì.

"Ọ̀gá," ni Màmá bèèrè, jẹ́jẹ́, "ìwé tiyín ńkọ́?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sọ́mọ ọwọ́. "Màmá, ẹni tó ń wa ọkọ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ wá máa ti ọkọ̀."

"Èmi tí mò ń wa ọkọ̀ rèé," ni dírẹ́bà wí, "mo ti sọ̀ kalẹ̀."

Ìwé kan ṣoṣo ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ abọ́. Kò sẹ́ni tó mú un, kò sẹ́ni tó bèèrè ti ta ni. Ọ̀gá gbé abọ́ náà padà sórí pẹpẹ, ó wọ ọ́fíìsì, ó bọ́ sórí àga rẹ̀. Àga oníyíyí ni o. Nínú gbogbo àyípadà tó sọ, èyí tó kan òun kò ju pé ó ń yí lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ló kan òwú.

"Òwú!" ló ń pariwo. "Nínú ayé tí a wà yìí! Ìyá àgbà kan jókòó, ó ń gún aṣọ lábẹ́rẹ́! Bí ìyá yìí bá gbàgbé ńkọ́? Bó bá kú ńkọ́?"

Màmá wà lẹ́nu géètì, ó ń gbọ́. Mo rí i tó fọwọ́ kan ọrùn aṣọ rẹ̀, níbi tó máa ń ki abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí.

Ìwé pélébé tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ni ọ̀gá fi dípò òwú, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i. Ó mọ́ tónítóní, ó dùn ún wò. Ó ní àléébù kékeré kan: ìwé ni, iṣẹ́ tiwa sì rèé, omi ni. Kí aṣọ tó jáde nínú omi ẹ̀ẹ̀kan, nọ́ńbà á ti léfòó sókè. Ọjọ́ Ẹtì tí mègáàdì ṣí ẹ̀rọ, nọ́ńbà ogójì ló bá lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

Èmi tí mo wà ní kántà ni mo jìyà ẹ̀. Ìyàwó dókítà eyín gba ṣòkòtò tíṣà àgbà lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ rí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ìyókù. Tíṣà àgbà tú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú mi, ó bá a tó ní òdòdó láyà.

"Ìwọ obìnrin yìí," ló wí fún mi, "ṣé èyí lo fẹ́ kí n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò?"

Mo tọrọ àforíjì títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní, "Oníbàárà tí kò lè bá àyípadà yí, ẹ jẹ́ kó máa lọ." Ó padà sórí àga, ó yí i sápá fèrèsé.

Lọ́sẹ̀ kejì, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Ariwo dákẹ́. Ẹni tó bá wá gba aṣọ, aṣọ rẹ̀ gan-an ló ń gbà. Mo ń rò ó pé ta ló ń ṣe èyí, títí mo fi yọjú sẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Màmá Olówùú ló dá ìyàwó dókítà eyín dúró. "Ẹ ǹlẹ́ o, ìyàwó wa. Ilé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ẹrù yẹn díẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń kíra, ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú báàgì, abẹ́rẹ́ ti wọlé, abẹ́rẹ́ ti jáde. Pupa méjì, yẹ́lò kan.

"Màmá!" ni mo wí. "Ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ sí òwú mọ́."

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é?"

"Ìwọ ọmọ yìí, bí a bá ń wò ó níran, ta ló máa kù tí a máa fọ aṣọ fún?" Ó já òwú náà léyín. "Kò sọ fún mi pé kí n má ràn wọ́n lẹ́rù. Má sọ fún un o. Bó bá gbọ́, á ní kí n dáwọ́ dúró, àwọn èèyàn yìí á sì lọ tán."

Bí a bá ti lọ sílé lálẹ́, òun náà ló ń wo òwú ya aṣọ olúkálukú sọ́tọ̀ dè mí ní kántà. Ó ti bá mègáàdì sọ ọ̀rọ̀ omi náà lábẹ́lẹ̀. Aago mẹ́fà ni mègáàdì ń dé báyìí. Dírẹ́bà ń lọ aṣọ tí iná bá wà, tí iná bá lọ, ó ń gbé ti àná fún oníbàárà. Ẹnì kan ò pè é ní ìdarí. Kò sì sí alágẹmọ lára ògiri ẹnu géètì.

Ta ló wá gba ìyìn? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá kọ lẹ́tà sí Ìyá Oníléeṣẹ́ pé láti ìgbà tí òun ti fòpin sí òwú, aṣọ kan ò tíì sọnù. Ìyá fèsì pé Ọjọ́bọ̀ òun ń bọ̀ fúnra òun, kí ọ̀gá pe àwọn oníbàárà jọ, kí òun gbọ́ ọ létí ara òun, kí òun sì fi í jẹ olórí ilé méjèèjì.

Ọ̀gá jó. Mo bá a níbi tó ti ń jó níwájú dígí kejì.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ló fún Màmá ní lẹ́tà. Èmi ni mo bá Màmá kà á torí pé kò mú awò ojú rẹ̀ wá. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí òwú mọ́, a ò nílò olówùú. Iṣẹ́ rẹ̀ parí lọ́la, bí àlejò bá ti lọ.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi áyọ́nù lé ọ̀gá kiri. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ gbà á là, òun ló wá ń lé yín!"

"Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́? Á ní mo tàpá sófin òun, òótọ́ ló sì sọ." Ó ká lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó kì í bọ ìgbàyà. "Ọdún kan péré ló kù fọ́mọ yẹn o," ló wí, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ojú mi kún fún omi, mi ò sì jẹ́ kó rí i.

Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn kan náà, ọ̀gá gbé súùtù funfun kan wá, funfun báláú, èyí tó fẹ́ fi gba oyè.

"Ẹ fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ti gbogbo èèyàn," ló wí fún mègáàdì. "Ẹ má yà á sọ́tọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo fọkàn tán ètò mi."

Mègáàdì, ẹni jẹ́jẹ́, ẹni tó ń gbọ́ràn, fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ti gbogbo èèyàn. Kọ́tìnì pupa mẹ́fà ilé sinimá kan wà nínú gbogbo èèyàn ọ̀hún.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mègáàdì gbé nǹkan kan jáde. Ó jẹ́ píńkì. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ tó gbóná jù ló fi gbẹ ẹ́, ó ti sún kì.

"Ti ọmọ ta nìyí?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Súùtù yín ni, ọ̀gá."

"Tèmi funfun ni!"

"Ó ti yí padà, ọ̀gá," ni mègáàdì wí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Dírẹ́bà ní láti lọ dojú kọ ògiri.

Ọ̀gá sáré sọ́tùn-ún, ó sáré sósì. Ló bá rí súùtù funfun kan tó rọ̀ sórí okùn, lílọ tán, ó ń dán. Ikùn ọ̀gá àti ti ẹni tó ni ín, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni.

"Ti Baba Adájọ́ nìyẹn o, ọ̀gá," ni mo wí.

"Ìgbà wo ló ń bọ̀ wá gbà á?"

"Ọ̀la."

"Ọ̀la kì í ṣe òní!" Ó ti ń ki apá bọ̀ ọ́. "Ṣé ẹ rí ohun tí mo ń kọ́ yín? Bí ọ̀nà kan bá dí, aṣíwájú á gba òmíràn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Mo fẹ́ rán an létí pé òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ìpè tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà. Ṣùgbọ́n ó ti ní kí n máa lọ to àga, èmi ta ni tí n ó máa bá ọ̀gá jiyàn? Mo lọ to àga.

Ní aago mẹ́rin, iwájú kántà kún. Ìyá Oníléeṣẹ́ jókòó níwájú, ọ̀pá lọ́wọ́, ojú rẹ̀ mọ́ roro bí ti ẹni tí kì í gba ìgbàkugbà. Ìyàwó dókítà eyín wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, tíṣà àgbà náà wà níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn ti jókòó tán, Baba Adájọ́ wọlé, tòun ti jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti ya nígbọ̀nwọ́. Ó jókòó sẹ́yìn, ó gbé awò sójú.

Ọ̀gá ò rí i. Ara rẹ̀ ló ń wò nínú gíláàsì ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ló bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tí ìjì dé, àwọn kan rọ̀ mọ́ òwú. Èmi gbé ojú sókè! Mo ní kí a sọ òwú nù, wọ́n ní aṣọ á sọnù. Aṣọ wo ló sọnù? Bí ẹnikẹ́ni bá rí fọ́nrán òwú àmì kan, ẹyọ kan péré, lára aṣọ tó jáde nínú ilé yìí lóṣù yìí, kó mú un wá síbí! Èmi fúnra mi ni n ó dìde lórí àga mi, n ó mú ìwé nínú abọ́ yẹn, ibi tó bá sì gbé mi lọ ni n ó lọ!"

Àwa òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ sí i. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, ìyẹn nìkan ló dùn mọ́ wa.

Baba Adájọ́ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré kan. Ta ló rán súùtù yẹn fún yín?"

Ojú ọ̀gá kan tirẹ̀. "Há, Bàbá! Ẹ káàbọ̀. Téélọ̀ mi ni."

"Ó rán an dáadáa. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ bá mi ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún."

Ọ̀gá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìka méjì yọ nísàlẹ̀ kóòtù.

"Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ló já a," ni Baba Adájọ́ wí.

"Gbogbo àpò ló ń jò nírú ìgbà yìí, Bàbá!" ni ọ̀gá wí. Ẹ̀rín bú. Òun náà rẹ́rìn-ín, òógùn sì ń ṣàn sí i létí. "Súùtù funfun pọ̀ láyé. Ta ló lè sọ pé ti ta nìyí?"

Ìyá Oníléeṣẹ́ gbé ọ̀pá rẹ̀ lulẹ̀. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Nọ́ńbà yín dà?"

Ọ̀gá wá nọ́ńbà. Ó wá a lápá, ó wá a láyà, ó yí po bí ajá tó ń wá ìrù ara rẹ̀. Nọ́ńbà ti bómi lọ.

Ni Baba Adájọ́ bá yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "Màmá Olówùú, ẹ wá. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n."

Màmá wọlé, ó ń tiro. Èmi mọ ohun tó ń rò: bó bá yanu, ó jẹ́wọ́ pé òun tàpá sófin, bó bá dákẹ́, ọ̀la ò sí.

"Ìyá Oníléeṣẹ́," ló wí, "bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ."

"Ẹ sọ ọ́, ìyá."

"Bó bá jẹ́ ti Baba Adájọ́, ẹ gbé kọ́là sókè lápá òsì. Àwọ̀ ewé mẹ́ta, pupa kan."

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì bo kọ́là. Dírẹ́bà, tó ti ń dúró de ọjọ́ yìí láti ọjọ́ tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, rọra ká ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé kọ́là sókè.

"Ó wà o! Àwọ̀ ewé mẹ́ta! Pupa kan!"

Háà! Ẹ wá wo ìran! Ìyàwó dókítà eyín tú kọ́là ara rẹ̀ wò: pupa méjì, yẹ́lò kan. Tíṣà àgbà fa ìgbànú ṣòkòtò rẹ̀ síta: búlúù mẹ́rin. Dókítà eyín ń wo ti ìyàwó rẹ̀, ẹni ẹ̀yìn ń tú ọrùn ẹni iwájú wò. "Tèmi rèé!" "Tèmi náà wà!" Gbogbo ilé gbé ọrùn, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá nìkan ló dúró gbagidi láàárín wọn nínú aṣọ aláṣọ. Mo pa àtẹ́wọ́ títí ó fi ta mí.

Màmá ṣàlàyé. Kò fi òróró sí i, kò fi ata sí i. Ó sọ ti nọ́ńbà tó ń léfòó, ti géètì, ti omi aago mẹ́fà. Ó yọ lẹ́tà rẹ̀ láyà. "Bí àlejò bá lọ, èmi náà ń lọ. Mo kàn fẹ́ kí aṣọ olúkálukú délé ni."

Ìyá Oníléeṣẹ́ ka lẹ́tà náà, ó dá a padà fún un. "Kò síbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ìyá. Òwú padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà láàárọ̀ ọ̀la. Ilé yìí ò sì ní í tì. Nǹkan tí mo ní kí wọ́n wá, ẹ̀yin ti rí i lẹ́nu géètì." Ó yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ̀yin, ẹ bọ́ aṣọ Baba Adájọ́."

"Níbí, Ìyá?"

"Ẹ lọ sẹ́yìn okùn."

Ó lọ. A gbọ́ tí nǹkan ń ya. Ìgbà tó jáde, Ayé-ń-yí-mo-ń-yí ti bọ́ sínú ohun tó kù: súùtù píńkì, apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là ń wò. Lẹ́yìn alágẹmọ tó wà lára ògiri, òun ni ohun àkọ́kọ́ tó yí àwọ̀ padà nílé yẹn.

"Ẹ ṣèlérí," ni Ìyá Oníléeṣẹ́ wí. Èmi ni mo sáré gbé abọ́ wá. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èyí tó ti ń dúró láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀gá ṣí i.

"Kí ni wọ́n kọ sí i?" ni Màmá bèèrè, jẹ́jẹ́.

"Ibi... ibi ìrẹṣọ."

Bọ́tìnnì já.

Ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà, ọ̀gá dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ bíi tiwa. Gbogbo aṣọ iṣẹ́ wa ló jọra. Ní ìrọ̀lẹ́, mègáàdì gbé tirẹ̀ lọ sílé, ó fi èyí tó kúrú sílẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà, ọwọ́ rẹ̀ ti hun nínú omi ọṣẹ. Ó dúró síwájú Màmá Olówùú, kò sì wo gíláàsì kankan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "ẹ bá mi fi àmì sí tèmi."

Màmá tú páálí rẹ̀ dáadáa. Ó wo pupa, ó wo búlúù, ó wo àwọ̀ ewé. "Gbogbo wọn ti lẹ́ni tó ni wọ́n o, ọmọ mi. Èyí tó kù nìyí."

Ó fa òwú píńkì kan jáde. Ara lẹ́tà kan tó ká lẹ́ẹ̀mẹrin ló ká a mọ́, ọ̀gá sì rí i pé ọwọ́ òun ló kọ ọ́.